Imú Símẹ́ǹtì Dírẹ́tọ̀ Grégoire

Òkè pọ̀ ní Dassa débi pé ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀ kì í rí wọn mọ́. Òkè wà lẹ́yìn ilé, òkè wà lẹ́yìn ọjà, òkè sì tún wà lẹ́yìn òkè. Láti ìwáṣẹ̀ ni wọ́n ti ń dá dúró láìsí ẹni tó ń dì wọ́n mú. Ṣùgbọ́n ìjọba rò ó títí, wọ́n dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ tí yóò máa tọ́jú ẹwà àwọn òkè náà, wọ́n sì fi Grégoire ṣe olórí ibẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti jókòó sórí àga yẹn ni ó ti dá a lójú pé òun ni òkè ń fẹ̀yìn tì.

Oyè rẹ̀ ni Dírẹ́tọ̀ Àgbà fún Ìgbéga Ẹwà, Iyì àti Ìrísí Àwọn Òkè. Ilé-iṣẹ́ náà kò ju yàrá méjì lọ, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò sì tó iye ọ̀rọ̀ tó wà nínú oyè náà. Ẹni tó bá fẹ́ kí i gbọ́dọ̀ ka oyè yìí dé òpin kó tó béèrè bí ó ṣe jí. Bí ẹni náà bá gé e kúrú, Dírẹ́tọ̀ a gbójú sókè, a máa wo àjà, bí ẹni pé aláǹgbá ló kọjá. Akọ̀wé rẹ̀ ń jẹ́ Wilfried. Iṣẹ́ méjì ni Wilfried ń ṣe: ó ń gbé agboòrùn lé ọ̀gá rẹ̀ lórí, ó sì ń sọ pé "Òótọ́ ni" kí ọ̀gá tó sọ̀rọ̀ tán. Ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Iṣẹ́ kejì yẹn ṣòro, nítorí ẹni tó bá tètè sọ ọ́ jù lè gbà sí ohun tí ọ̀gá fẹ́ bú.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, àwọn aláṣẹ ní Cotonou ní kí àgbègbè kọ̀ọ̀kan gbé iṣẹ́ ọnà kan kalẹ̀ sẹ́bàá títì, kí àwọn tó ń kọjá lè máa rí i. Grégoire pe ìpàdé. Ó sọ̀rọ̀ títí omi fi tán nínú ìgò rẹ̀. Ó ní ohun tó yẹ Dassa ni ère idẹ gàgàrà ti ọmọ ìlú kan tó ti fi ara jìn fún àwọn òkè. Ó ní òun kò ní dárúkọ ẹni náà, ìtìjú kò ní jẹ́ kí òun dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá nílò ìwọ̀n èjìká rẹ̀, kí wọ́n wá bá òun ní ọ́fíìsì. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Agboòrùn wà ní ọwọ́ kan Wilfried, nítorí náà ó ń fi èkejì lu itan.

Ìdáhùn Cotonou kò gùn. Wọ́n pè é lórí fóònù pé wọn kò fẹ́ ère alààyè kankan, ìbáà jẹ́ olóyè, ìbáà jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni iṣẹ́ tí àwọn Faransé ń pè ní àbísítírẹ̀, kí wọ́n sì fi ohun tó wá láti inú ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe é. Grégoire ní ó ti yé òun. Nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, ó bi Wilfried léèrè ohun tí àbísítírẹ̀ jẹ́. Wilfried ní ohunkóhun tí ọ̀gá bá ní ó jẹ́ ni ó jẹ́. Ọ̀rọ̀ náà wà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, títí olùkọ́ kan fi ṣàlàyé fún wọn pé iṣẹ́ ọnà tí kì í ṣe àwòrán ènìyàn, tàbí ẹranko, tàbí igi ni. Iṣẹ́ tí kò jọ ohunkóhun tí ojú mọ̀. Láti ìgbà náà, kò sí ohun tí Grégoire kò pè ní àbísítírẹ̀ mọ́. Ọbẹ̀ tí kò dùn jẹ́ àbísítírẹ̀. Ọkọ̀ tó pẹ́ kó tó dé jẹ́ àbísítírẹ̀.

Ẹni tí wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún ni Estelle, ọmọ Dassa tó ti pẹ́ ní Porto-Novo, níbi tó ti ń fi òkúta gbígbẹ́ jẹun. Ó lé díẹ̀ ní ogójì ọdún, apá rẹ̀ le bí apá alágbẹ̀dẹ, kò sì ní sùúrù fún ọ̀rọ̀ gígùn. Nígbà tí Grégoire bi í pé kí ni yóò gbẹ́, ó ní òun kò tíì mọ̀.

"Òkúta ni yóò sọ fún mi," ó wí. "Bí mo bá ti mọ ohun tí mo fẹ́ kí n tó rí i, ìyà ni màá kàn fi jẹ ẹ́."

Grégoire sọ fún un pé kò sí ohun tó ń sọ̀rọ̀ ṣáájú òun ní ilé-iṣẹ́ náà. Estelle kí i pé ó dàbọ̀, ó sì lọ wá òkúta.

Ó rìn láti abúlé dé abúlé kó tó rí èyí tó wù ú ní Kèrè, láàárín oko iṣu opó kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Rébecca. Akọ òkúta ni, ó tóbi tó yàrá kékeré, ó ti yí wálẹ̀ láti orí òkè kí ẹnikẹ́ni tó dá oko síbẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ rí bí eérú, kò sì jọ̀lọ̀. Ṣùgbọ́n iná ìgbẹ́ ọdún kan ti là á ní ẹ̀gbẹ́ kan, inú rẹ̀ sì hàn: dúdú, funfun, àti pupa rẹ́súrẹ́sú kan tó ń wọ́ lọ láàárín wọn bí omi tó ń wá ọ̀nà. Estelle jókòó tì í títí oòrùn fi yí. Ó fi ọwọ́ pa á, ó fi òòlù kékeré kàn án, ó tẹ́tí sí ohùn rẹ̀. Nígbà tó dìde, ó ti mọ̀ pé ipa tí pupa yẹn ń tọ̀ ni òun náà yóò tọ̀.

Ìyá Rébecca kò kọ́kọ́ fẹ́. Àkànní ọkọ rẹ̀, tó ti kú, máa ń fẹ̀yìn ti òkúta náà bí ó bá kọ ebè tán, ibẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀ sì ti máa ń gbé oúnjẹ bá a. Obìnrin náà kò bọ òkúta. Ọmọ ìjọ Kátólíìkì ni, kì í sì í pa Máàsì jẹ. Ó kàn jẹ́ pé bí ó bá wo ibẹ̀, ó máa ń dà bíi pé ọkọ òun ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde ni. Ó rò ó títí, ó wá ní kí Estelle máa gbé e lọ, kí gbogbo ayé lè máa rí i, ṣùgbọ́n àdéhùn kan wà.

"Má fún un lójú ènìyàn," ó wí. "Mo mọ ẹni tí mo máa ń rí níbẹ̀. N kò fẹ́ rí ẹlòmíràn."

Estelle di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì jẹ́jẹ̀ẹ́. Grégoire wà níbẹ̀ lábẹ́ agboòrùn. Òun náà jẹ́jẹ̀ẹ́, nítorí wọ́n ń ya fọ́tò.

Ní ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gbé òkúta náà, Dírẹ́tọ̀ ní òun yóò kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀. Wọ́n gbé àga rẹ̀ gba orí ebè kọjá, wọ́n sì tẹ iṣu mọ́lẹ̀. Ó dìde, ó tún táì rẹ̀ ṣe, ó na ọwọ́.

"Ìwọ ọmọ òkè," ó wí, "ìwọ tí o ti ń sùn láti ìgbà tí ayé wà láìsí dírẹ́tọ̀, ìjọba ti rí ọ. Mo fún ọ láṣẹ kí o dìde, kí o sì tẹ̀ lé mi wọ inú ọ̀làjú."

Òkúta kò dìde. Ẹ̀rọ ńlá ni wọ́n fi gbé e sínú ọkọ̀ tó máa ń kó iṣu láti Glazoué, táyà kan sì bẹ́ lójú ọ̀nà. Wilfried ní ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá sọ sí i lára ló mú kó wúwo bẹ́ẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́.

Wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí ìkóríta lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wọ́n fi tápólì yí i ká, Estelle sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Eruku bò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn òkúta sílẹ̀ bí òjò àti oòrùn ṣe ṣe é. Ẹ̀gbẹ́ tí iná là ni ó dojú kọ: ó tọ ipa pupa náà wọ inú lọ, ó ń gbẹ́ ohun tó bá dí i lọ́nà dànù, títí ihò fi là jáde sí òdì kejì, tí atẹ́gùn sì ń gba ibẹ̀ kọjá. Lẹ́yìn náà ó fi omi àti ẹ̀rọ dán an, ó tún fi ọwọ́ dán an, títí omi òjò kò fi lè dúró lára rẹ̀ mọ́, tí òkè tó wà ní ìsọdá títì sì ń hàn nínú rẹ̀. Àwọn tó bá yọjú wò ó a yí i po. Lẹ́yìn náà, oníkálùkù a sọ ohun tó rí.

Èyí ni kò dùn mọ́ Grégoire. Ó gbọ́ pé Ìdírísù, bàbá kan tó ń ta ìkòkò àti abọ́ ní ìsọ̀ tó kọjú sí ìkóríta, sọ pé iṣẹ́ náà jọ ràkúnmí tó kúnlẹ̀. Dírẹ́tọ̀ ní ẹ̀ṣẹ̀ ńlá nìyẹn: bí Cotonou bá gbọ́ pé ó jọ ràkúnmí, wọn yóò ní kì í ṣe àbísítírẹ̀ mọ́. Ó gbé òfin jáde pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sọ pé òkúta náà jọ nǹkan kan, wọ́n sì ti ìsọ̀ Ìdírísù pa. Bàbá náà lọ bẹ̀ ẹ́. Ó dúró ní yàrá kìíní, ó ka oyè náà dé òpin, ó ní òun ti tún un wò dáadáa, kò jọ ràkúnmí, kò jọ ẹran kankan, òun kò tilẹ̀ mọ ràkúnmí rí. Wọ́n ṣí ìsọ̀ fún un. Ẹ jọ̀wọ́, ìsọ̀ yẹn ni ọkùnrin náà fi ń bọ́ ilé rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín níbí, kó rọra rín in.

Ẹnu Wilfried ni òfin yìí ti já. Wọ́n lọ wo iṣẹ́ ní ọjọ́ kan, ọ̀gá kò sọ̀rọ̀, Wilfried kò sì rí ohun tí yóò gbà sí. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà kọjá agbára rẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, mo mọ̀ pé òfin wà, ṣùgbọ́n ó jọ yín."

Grégoire yí òkúta náà po. Ó wò ó láti ọ̀tún, ó wò ó láti òsì, ó wá dúró sí iwájú ibi tó ń dán, ó sì rí ara rẹ̀ níbẹ̀ kedere. Ẹnikẹ́ni tó bá dúró síbẹ̀ ni yóò rí ara rẹ̀, ewúrẹ́ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ìyẹn fún un? Inú rẹ̀ dùn débi pé ó béèrè àga. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, wọ́n ti tún òfin náà ṣe: òkúta náà kò jọ nǹkan kan, àfi Dírẹ́tọ̀ Àgbà.

Wọ́n kéde àtúnṣe náà ní ọjà. Àwọn obìnrin tó ń ta ata gbé e yẹ̀ wò láàárín ara wọn. Wọ́n ní bí òkúta kò bá jọ nǹkan kan, tí Dírẹ́tọ̀ sì jọ òkúta, a jẹ́ pé Dírẹ́tọ̀ náà kò jọ nǹkan kan nìyẹn. Wọ́n ń sọ ọ́ sókè, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, níwájú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè mú wọn, nítorí òfin fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń kà.

Grégoire kò gbọ́, tàbí ó gbọ́, ó rò pé oríyìn ni. Ẹni tó bá ti fẹ́ jọ nǹkan, díẹ̀ kì í tó o. Ó lọ bá Estelle lẹ́yìn tápólì, òun nìkan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yin iṣẹ́ rẹ̀ yíká-yíká kó tó kan ohun tó bá wá. Imú Grégoire gùn, ó sì tọ́, ó fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Ó ń wá ibi tí yóò fi í sí.

"Imú nìkan," ó wí. "Imú kì í ṣe ènìyàn."

Estelle pa ẹ̀rọ rẹ̀. "Mo jẹ́jẹ̀ẹ́ fún Ìyá Rébecca. Ẹ̀yin náà jẹ́jẹ̀ẹ́."

"Fọ́tò ni wọ́n ń yà nígbà yẹn."

"Iṣẹ́ ti parí, Dírẹ́tọ̀. Kò sí ibi tí imú lè jókòó sí níbẹ̀."

Grégoire rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ó rán Estelle lọ sí Cotonou pé kó lọ dúró ti àwọn tó ń ṣe àkọlé irin tí wọn yóò kàn mọ́ ìdí iṣẹ́ náà, kí wọ́n má baà ṣi orúkọ kọ. Estelle kò fura. Bí ọkọ̀ rẹ̀ ti gbéra, Grégoire ránṣẹ́ pe Léon.

Léon ni ó máa ń fi símẹ́ǹtì ṣe kìnnìún sí ẹnu géètì àwọn ọlọ́rọ̀. Kìnnìún rẹ̀ jọ ajá, ajá rẹ̀ sì jọ àgùntàn, ṣùgbọ́n ó gbẹ́kẹ̀ lé ara rẹ̀ gidigidi. Wọ́n ní kó ṣe imú, etí àti ìgò ojú sára òkúta náà, bíi ti Dírẹ́tọ̀. Ó ní kò le, ṣùgbọ́n òun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi òòlù ṣá ojú òkúta náà kó lè rí págunpàgun, nítorí símẹ́ǹtì kì í di ohun tó ń yọ̀ mú. Dírẹ́tọ̀ ní rárá, ariwo òòlù yóò pe èrò. Léon béèrè pé kí ni yóò wá dì í mú.

"Àṣẹ mi," ni Grégoire wí.

Léon wò ó, ó tún wo òkúta. Ó po símẹ́ǹtì rẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣí i bọ́ sí ọ̀sẹ̀ tí èrò ń rọ́ wá sí Arigbo, ibi mímọ́ àwọn Kátólíìkì ní Dassa, ní oṣù kẹjọ, tí títì kún fún àwọn tó ń lọ bẹ Màríà Mímọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn dúró wòran. Àwọn ará Kèrè wá lórí ọ̀kadà zémìjáàn, Ìyá Rébecca wà láàárín wọn, ó wọ aṣọ tí kì í wọ̀ bí kò ṣe ọjọ́ Àjíǹde. Láti Cotonou, wọ́n rán obìnrin kan tó ń jẹ́ Sonia wá ṣojú àwọn aláṣẹ. Estelle náà ti dé ní òwúrọ̀ yẹn, ṣùgbọ́n Wilfried kò jẹ́ kó wọ inú tápólì. Ó ní ọ̀gá ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọlé kí àsìkò tó tó.

Grégoire bọ́ síwájú.

"Ẹ̀yin ọmọ Dassa," ó wí, "ẹ̀yin àlejò, àti ẹ̀yin òkè tí ẹ pé síbí láìgba ìwé ìpè. Ọlọ́run ló dá òkè, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ Rẹ̀, kò ráyè parí wọn. Èmi ni Ó fi èyí tó kù lé lọ́wọ́."

Àlùfáà tó jókòó ní ìlà iwájú bẹ̀rẹ̀ sí í wo bàtà ara rẹ̀. Dírẹ́tọ̀ ń bá a lọ. Ó sọ bí òun ṣe gbé òkúta náà láti inú òkùnkùn oko, bí òun ṣe kọ́ ọ ní ìwà, bí àwọn ìlú òyìnbó ṣe ń jowú Dassa báyìí. Ọmọ ń sunkún, oòrùn ń mú. Nígbà tó ṣe, ó fa okùn, tápólì sì wó lulẹ̀.

Imú ni wọ́n kọ́kọ́ rí. Ó gùn tó apá ọkùnrin, ó sì yọ síta láàárín ibi tó ń dán yẹn bí ìkọ́ tí wọ́n fi ń kọ́ aṣọ. Etí méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀kan ga ju ìkejì lọ. Ìgò ojú símẹ́ǹtì ti dí ihò tí atẹ́gùn ń gbà. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Estelle rí i. Kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tí wọ́n bà jẹ́ ló kọ́kọ́ rò. Ó wá ojú Ìyá Rébecca láàárín èrò, nítorí kò mọ bí yóò ṣe fi ẹnu sọ fún un pé òun kọ́.

Ìyá Rébecca ti ń bọ̀. Ó rìn lọ sídìí òkúta náà bí ẹni tó bá ọmọ rẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ara rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ kejì di imú náà mú kó lè fara balẹ̀ wò ó. Imú tẹ̀ lé e. Kò dún, kò fọ́. Ó kàn jáde bí ìdérí ìkòkò. Ó yí i wò, ó fi etí ìró rẹ̀ nu eruku ara rẹ̀, ó gbé e lọ bá ẹni tó ni ín.

"Dírẹ́tọ̀," ó wí, "imú yín rèé."

Grégoire fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, nítorí ó wúwo. Sonia dìde lórí ìjókòó rẹ̀, ó béèrè jẹ́jẹ́ pé imú ta ni.

Ẹ wo ibi tí ọkùnrin yìí há sí. Bí ó bá ní tòun ni, ó ti rú òfin Cotonou pé kò gbọ́dọ̀ sí ère alààyè. Bí ó bá ní kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni, a jẹ́ pé ó ti sẹ́ imú ara rẹ̀ níwájú gbogbo ìlú. Ó wo Wilfried. Wilfried ń wo ojú ọ̀run bóyá òjò yóò rọ̀.

"Imú àbísítírẹ̀ ni," ni Grégoire wí.

Ìdírísù ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ti ń pa á mọ́ra láti ọjọ́ tí wọ́n ti ìsọ̀ rẹ̀ pa, nígbà tó sì jáde, ó gbé àwọn tó kù dání. Àwọn aláta rín, àwọn èrò Arigbo rín, àwọn ọlọ́kadà tẹ fèrè. Nínú ẹ̀rín yẹn ni ìgò ojú yọ̀ bọ́, etí kan sì tẹ̀ lé e. Sonia bi Wilfried bóyá ó mọ nǹkan nípa ọ̀rọ̀ náà. Wilfried ní láti ìbẹ̀rẹ̀ ni òun ti ń sọ pé òkúta náà kò jọ ọ̀gá rárá. Ó sì pa agboòrùn dé. Oòrùn bọ́ sórí Grégoire, ó dúró síbẹ̀ tòun ti imú lọ́wọ́, ó ń ṣẹ́jú bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí.

Nígbà tí èrò túká, Estelle bu omi, ó ń fọ òkúta náà. Ìyá Rébecca mú àkísà, ó dúró ní ẹ̀gbẹ́ kejì, òun náà ń nù ún. Estelle ní kó jọ̀wọ́ má bínú, òun kò sí nílé nígbà tí wọ́n ṣe é.

"Mo mọ̀," ni ìyá náà dáhùn. "Ìwọ kò lè ṣe imú tó burú tó yẹn."

Wọn kò jẹ́ kí oṣù náà parí kí wọ́n tó gba ipò lọ́wọ́ Grégoire. Wọ́n gbé e lọ sí Cotonou, sí ibi tí wọ́n ń kó àga ìjọba tó ti kán pamọ́ sí. Níbẹ̀, "Tọ́ńtọ̀n" lásán, bí Faransé ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n bàbá, ni àwọn ọ̀dọ́ ń pè é, wọ́n sì ń bi í ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó máa ń jókòó ti fóònù, ó ń retí kí wọ́n pe òun padà. Nígbà tó ṣe, ó ń gbé fóònù náà sílẹ̀ bí ó bá ń lọ wẹ̀.

Ní ti imú, kò sẹ́ni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ náà. Lọ́jọ́ tí wọ́n kó lọ sí Cotonou, orí itan rẹ̀ ni ó wà nínú ọkọ̀. Ó kọ́kọ́ gbé e sórí pẹpẹ ìwé ní yàrá àlejò, ó fi aṣọ funfun tẹ́ ẹ. Marlène, ìyàwó rẹ̀, fi í síbẹ̀ títí ó fi nílò pẹpẹ náà.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, ojúlùmọ̀ kan wá kí wọn, ó sì fi ẹsẹ̀ kọ nǹkan kan ní ẹnu ọ̀nà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé e, ó bi wọ́n pé kí ni. Grégoire tún ìjókòó rẹ̀ ṣe. Ó ní iṣẹ́ ọnà kan láti Dassa ni, pé kì í ṣe ohun tí ènìyàn lè fi ojú lásán mọ̀, pé bí ènìyàn bá fara balẹ̀ tí ó sì gbọ́ ìtàn rẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀…

Marlène kò gbójú kúrò nínú ẹ̀wà tó ń ṣà.

"Imú rẹ̀ ni," ó wí. "Ẹ bá mi gbé e padà sí ìdí ilẹ̀kùn, atẹ́gùn ń tì í."